Mo Ti Bá Yín Wọn Àyè Ẹsẹ̀ Nínú Mọ́tò Tí Orùlé Rẹ̀ Ń Ká

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú etí omi, ẹ kú èéfín ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bàrígà níbí, bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ lórí pákó ẹnu ọ̀nà wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ wọn. Mo kí Ìyá Àgbà. Mo mọ̀ pé etí wọn ti di, kí Kátíkíìsì jọ̀wọ́ ka ibi yìí sókè fún wọn: Ìyá Àgbà, Ọmọ́wùmí ní kí ẹ kú ìjókòó. Kátíkíìsì fúnra yín, ẹ kú làálàá ìwé kíkà. Lẹ́tà tó bá ti Èkó dé abúlé wa kì í ṣe ti ẹnì kan. Lẹ́yìn ìsìn ni ẹ ó kà á lábẹ́ igi àgbọn, gbogbo ìjọ á gbọ́, àwọn tó bá sì wà lójú omi lọ́jọ́ náà á ní kí ẹ tún un kà fáwọn. Nítorí náà gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Yèyé mi ni mo ń rí bí mo ti ń kọ ọ́.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mo ń kọ ìlà kan, mo ń dìde. Mo lọ wo òjò lójú fèrèsé, mo tún padà wá. Ìyàwó Bàbá Ìdòwú, àbúrò bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èèrà ló wà lórí àga. Mo ní rárá o. Ẹni tó jẹ́ pé àga ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ ni kò rójú jókòó mọ́ yìí, ẹ̀yin náà ẹ wo ayé.

Ọ̀rọ̀ tó ń lé mi kiri kò ju ọ̀kan lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi pẹ̀lú Kọ́láwọlé ti sún mọ́lé, ẹ̀yin sì ránṣẹ́ lẹ́nu àwọn tó kó ẹja gbígbẹ wá pé ẹ kò ní lè wá. Ẹ ní ẹ ti súre fún mi láti ibẹ̀. Ẹ ní kí ìyàwó Bàbá Ìdòwú dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá. Nígbà tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún mi, mo dúpẹ́, mo sìn wọ́n dé etí omi, mo sì sunkún títí tí ojú mi fi wú. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ó dùn mí, Yèyé mi.

Mo rò pé mo mọ ìdí tí ẹ fi kọ̀. Ìgbà tí ẹ wá kẹ́yìn láti wo ìyàwó Bàbá Ìdòwú tó bímọ, a jọ wọ bọ́ọ̀sì láti Bàrígà lọ sí Ṣómólú. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé orúnkún ọ̀tún yín kò ká mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú lórí afárá pákó wa. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, kò síbi tí a ó nà án sí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo pé ẹ̀ ń dá òun dúró, ọkùnrin kan ń fà yín láti òkè, èmi ń tì yín láti ìsàlẹ̀, ooru mú, òórùn epo gba gbogbo inú ọkọ̀, orùlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gèlè lórí yín. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ẹ bì sẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ ti fọ ẹnu yín tán, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń wọ àpótí láyé yìí, pé ọjọ́ tiyín kò tíì pé, àti pé ẹ kò ní wọ mọ́tò olórùlé mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbá mú.

Kí àwọn tí kò tíì mọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe fetí sílẹ̀ díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mi ló bí ìyókù ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run fún wọn ní ìsinmi, ló kọ́ mi bí a ṣe ń rán ìgbòkun ọkọ̀, bí a ṣe ń ṣẹ́ etí rẹ̀ po kí afẹ́fẹ́ má baà ya á. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ń ṣe ní Ṣómólú, orí mọ́tò ni ìgbòkun tèmi kàn ń lọ. Ọ̀gá mi, Bàbá Sàká, ọmọ Ẹ̀gbá ni, Mùsùlùmí òdodo. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti ń tún àga mọ́tò ṣe. A ó tú awọ àtijọ́ kúrò, a ó kó irun ẹṣin tàbí irun àgbọn tuntun sí i, a ó ṣe sípíríǹgì tó ti wọ̀, a ó tún un bò. Èmi ni mo ń rán awọ. Èmi náà ni mo ń rán orùlé fún àwọn mọ́tò kan tó jẹ́ pé aṣọ tapólì ni orùlé wọn, tí wọ́n máa ń ká sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Àwọn olówó Èkó fẹ́ràn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọkọ̀ tí kò lórùlé, àwa ti ń wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, kò sì sẹ́ni tó pè wá ní olówó rí. Níbí, owó gọbọi lèèyàn ń san kí oòrùn tó lè rí i pa.

Nígbà tí mo sunkún tán, irú mọ́tò yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, Yèyé mi kò kọ mọ́tò, orùlé ni wọ́n kọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ti orùlé nìkan ni, ọwọ́ mi ló wà. Àyè ẹsẹ̀ yín ló kù, ìyẹn náà kò sì ju ohun tí a lè wá rí lọ.

Mo yá àjẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ Bàbá Ìdòwú, èyí tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan. Mo fi ọ̀já dì í mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, kí orúnkún má lè ká. Mo ní mọ́tò tó bá gba èmi bẹ́ẹ̀, á gba ẹ̀yin. Ọjọ́ tí Bàbá Sàká kọ́kọ́ rí mi tí mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nídìí mọ́tò oníbàárà, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó ní ṣé ìyàwó ọ̀la ló ti ya wèrè báyìí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ìyá òun náà kò lè dá dìde lórí ẹní mọ́ kó tó kú, ó ní kí n máa wọ èyíkéyìí tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí n ṣáà ti bọ́ bàtà.

Mọ́tò pupa kékeré kan ni mo kọ́kọ́ wọ̀, ti dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Èèyàn méjì péré ló ń gbà. Ẹ óò rò pé kò ní sí àyè ẹsẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti rí ibi nà sí. Àga rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé iwájú tààrà lèèyàn ń na ẹsẹ̀ sí, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń nà án nínú ọkọ̀ wa. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Àṣé mi ò tíì mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ jáde, kò sí ohun tí mo lè dì mú, ilẹ̀kùn kò ju fèrèsé lọ, ìdí mi wà nísàlẹ̀, àjẹ̀ wà níwájú. Bàbá Sàká kó ọwọ́ sí mi lábíyá, ó fà mí yọ bí ẹni yọ ìgbín nínú ìkarahun. Bákan náà, bí ẹ bá jókòó síbẹ̀, dírẹ́fà ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Èmi ńkọ́? Ibo ni kí n wà? Mo ní kí dókítà máa gbádùn mọ́tò rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti lọ́yà kan, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ga nílẹ̀ dáadáa, wíwọ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà. Àga iwájú rẹ̀ dùn ún jókòó sí ju gbogbo èyí tí mo ti wọ̀ lọ, ó gbé ẹ̀yìn ró, ó gbé itan ró, Bàbá Sàká fúnra rẹ̀ ló sì kó irun sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ kan yé yín. Nínú lọ́rì tó ń kó èèyàn láti òkè wá, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́fà ni ibi ọlá, ẹni tó bá sanwó jù ló ń jókòó síbẹ̀. Nínú mọ́tò kékeré, ẹ̀yìn ni ibi ọlá. Bí a bá fi yín síwájú, àwọn àna mi á ní a kò mọ iyì yín. Nítorí náà mo lọ sẹ́yìn, mo sì rí ìyà. Orùlé tí wọ́n ń ká yẹn, ibì kan ló ń lọ. Irin tó gbé e ró máa ń ká wọ ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì, ó sì ń jẹ àyè àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Mọ́tò tó máa gba èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn bó bá jẹ́ pé irin ni orùlé rẹ̀, méjì ni yóò gbà bó bá jẹ́ olórùlé kíká, irin á sì máa gún wọn léjìká. Bí mo bá kọjú síwájú nínú ti lọ́yà yìí, àjẹ̀ ń gún àga dírẹ́fà. Bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ kí n lè na ẹsẹ̀ sórí àga, èmi nìkan ni mo gba gbogbo ẹ̀yìn. Sípíríǹgì ẹ̀yìn náà tún le, kò sí òkúta tí kò ní kí yín lójú ọ̀nà.

Láàárín gbogbo èyí, òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò Èkó kì í rọ̀ bíi tilé. Tilé máa ń ti orí òkun bọ̀, èèyàn á ti rí i kó tó dé. Èyí kàn máa ń já bọ́ lójijì ni, gbogbo ọ̀nà Ṣómólú á di ẹrẹ̀, mo sì máa ń ti ibẹ̀ rìn dé Bàrígà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Bí ó bá dá, mo máa ń lọ jókòó létí ọ̀sà níbi tí àwọn ará wa ń gúnlẹ̀ sí. Mo máa ń gbọ́ èdè wa lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹja, ara mi á fúyẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà àárò yín á tún wá mú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kọ́láwọlé ń gbìyànjú. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú nígbà gbogbo, ẹnu rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òkè ni wọ́n ti bí i. Kò mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ orí omi bó bá sùn sórí ilẹ̀ tí kò mì.

Ìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ ni agbaṣẹ́ṣe kan gbé mọ́tò gígùn kan wá láti rán orùlé tuntun, aláwọ̀ ojú ọ̀run, láti Amẹ́ríkà. Yèyé mi, ẹ̀yìn mọ́tò yẹn tó yàrá kan. Irin orùlé jẹ tirẹ̀ tán, ó sì tún ṣẹ́ ku fún ẹ̀yin, èmi àti Kọ́láwọlé. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, nítorí náà ìdajì ẹ̀yìn àga iwájú máa ń tẹ̀ síwájú kí èrò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ yẹn, tí a gbé tìmùtìmù lé e, ẹsẹ̀ lè nà lé e lórí láìgún ohunkóhun. Mo nà án. Mo fẹ̀yìn tì. Àga náà rọ̀ mọ́ni lára, kò sì gbéni sókè sódò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ níbẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe náà dé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá rán orùlé náà tí omi kò jò wọlé, òun á yá mi ní mọ́tò àti dírẹ́fà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo rán an bí ẹni pé bàbá mi dúró lẹ́yìn mi. Òjò ti rọ̀ sí i, kò jò.

Bàbá Ìdòwú ní gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí wa níbí, àwọn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ wò kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn tó wọ̀ ọ́. Dírẹ́fà agbaṣẹ́ṣe gbé wa jáde. Bàbá Ìdòwú wọlé, wọn kò wo àga, wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín mọ́tò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ mú. Dírẹ́fà ní, Bàbá, àga wà lókè. Wọ́n ní àwọn rí i, ṣùgbọ́n èèyàn kì í jókòó sókè nínú ọkọ̀ tí kò tíì mọ bó ṣe ń yí. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ yà sápá òsì, wọ́n pariwo pé kí gbogbo wa tẹ̀ sápá ọ̀tún kó má baà dojú dé. Mo tẹ̀. Mi ò tilẹ̀ rò ó, ara mi ló tẹ̀ fúnra rẹ̀. Dírẹ́fà ń wò wá nínú dígí, ó ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ìdòwú ṣe ìdájọ́ pé ilẹ̀ mọ́tò náà dára púpọ̀, pé àga rẹ̀ ni kò dá àwọn lójú.

Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá Ìdòwú ní iṣẹ́ láti ṣe ní Ṣómólú, nítorí náà wọ́n sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́fà sì ní òun á gbé mi dé Bàrígà. Mo ní kó dúró kí n di àjẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kí n lè mọ bí ọ̀nà tó gbó yẹn ṣe máa rí lára yín. Orùlé wà ní kíká. Mo na ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Ìrọ̀lẹ́ ni, ojú ọjọ́ tutù, gbogbo èèyàn wà níta.

Wọ́n ń wò mí. Mo kọ́kọ́ rò pé mọ́tò ni wọ́n ń wò, mo sì ń ṣe fáàrí díẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ojú wọn kì í dúró lára mọ́tò. Ó ń wá sórí ẹsẹ̀ mi ni. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi gbé korobá wọn kalẹ̀. Ọ̀kan káwọ́ lérí, ó ní áà, ọmọge tó dára báyìí. Ọkùnrin kan pe ẹnìkejì rẹ̀ jáde nínú ilé pé kó wá wò. Ìyá arúgbó kan sì gbàdúrà fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé Ọlọ́run á wò mí sàn. Kò sẹ́ni tó bú mi, àánú ni gbogbo rẹ̀. Yèyé mi, mi ò mọ̀ pé àánú máa ń gbóná bẹ́ẹ̀ lára. Kò síbi tí mo lè fi ẹsẹ̀ yẹn pamọ́ sí. Mo tú ìborùn mi, mo fi bo orúnkún, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ dírẹ́fà pé kó jọ̀wọ́, kó bá mi gbé orùlé náà bò mí.

Nígbà tí orùlé bò mí tán ni mo wo ọwọ́ mi lórí ìborùn yẹn, mo sì rí ọwọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ ṣe jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo, tí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo ẹsẹ̀ yín, ẹ fi ìró bò ó, ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Kò sí ọwọ́ kankan tí ẹ fi di gèlè mú. Èmi ń wo orùlé. Mo wá rántí pé gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò lọ́dọ̀ wa, ẹ kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà dára, inú ọkọ̀ Bàbá Ìdòwú ni ẹ wà látàárọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń na ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò sí àlejò tó lè mọ ẹsẹ̀ tó ń ká yàtọ̀ sí èyí tí kò ká.

Ṣé mo ṣì í? Bí mo bá ṣì í, ẹ forí jì mí. Bí mi ò bá ṣì í, ẹ tún forí jì mí, nítorí a kì í ka ìka ẹsẹ̀ oníka mẹ́sàn-án níṣojú rẹ̀, èmi sì ń kà á síwájú gbogbo ìjọ. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò lábẹ́ igi àgbọn yẹn. Àwọn tó gbé yín kúrò lórí afárá lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn yín. Èmi ni mo yẹ kí n tijú. Mo ń wá ọkọ̀ tí kò lórùlé káàkiri, mo sì fẹ́ gbé yín sókè láàárín ìgboro bí ère, níbi tí gbogbo ojú Ṣómólú àti Bàrígà ti lè tó yín, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú.

Mo sọ fún Kọ́láwọlé. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ ní ó dára, kí a gbé orùlé náà bò yín nígbà náà, ó tán. Mo ní abẹ́ orùlé ni èébì ti ń gbé yín. Wọ́n ní kí ìyàwó Bàbá Ìdòwú ṣe é bí ẹ ṣe wí, pé ìyá kan náà ni gbogbo ìyá. Mo mọ̀ pé wọn kò ní ibi nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò bá mi lára mu. Mo dáhùn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, mo ní, Bàbá, ẹ má bínú, mo ní ìyá kan, wọ́n ń bẹ láàyè, mi ò lè yá òmíràn. Kọ́láwọlé ló sọ̀rọ̀. Ó ní láti etí ọ̀sà dé ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà, ó ní ṣé a kò lè rìn ín ni. Bàbá rẹ̀ ní ta ló rí ìyàwó tó fẹsẹ̀ rìn lọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mọ́tò wà nílẹ̀. Kọ́láwọlé ní wọn á rí i lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé wọn kò ní wò. Èkó ni, wọn yóò wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ọkọ̀ láǹṣì á gbé yín dé Ẹ̀pẹ́, Bàbá Ìdòwú á wá fi ọkọ̀ gbé yín láti ibẹ̀. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, èmi ni ẹ ó rí. Mọ́tò gígùn náà á wà níbẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀, pẹ̀lú orùlé ní kíká tàbí ní bíbò, bí ẹ bá ṣe fẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, a ó rìn. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe ń lọ ni èmi náà ó máa lọ, ọkọ mi á máa lọ bẹ́ẹ̀, àwọn àna mi pẹ̀lú gbogbo aṣọ olówó iyebíye wọn á máa bọ̀ lẹ́yìn wa bẹ́ẹ̀, mọ́tò agbaṣẹ́ṣe á sì máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wa lófìfo. Bí òjò bá rọ̀, kó rọ̀. Bí Àlùfáà bá dúró dè wá títí, ẹ̀yin ló ń dúró dè.

Ẹ fi owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ra epo àti iyọ̀, ẹ má tọ́jú rẹ̀ nítorí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ìjọ, ẹ kí àwọn tó wà lójú omi, ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé mo ń jẹun dáadáa. Kí Ọlọ́run bu òróró sí orúnkún yín, kí ó fi ẹ̀fúùfù tó dẹ̀ sìn yín wá, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ojú mi wá yín tì. Mi ò lè dúró níwájú pẹpẹ kí n máa wẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, Yèyé mi, mi ò ní wọlé.

Ọmọ yín tó ń dúró létí omi,

Ọmọ́wùmí